Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n, Ẹnu. Ẹni Tí Kò Mọ̀ Ọ́n, Ọwọ́: Àkọsílẹ̀ Kíláàsì Kọ̀ǹpútà Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ti ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ èdè Yorùbá, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. JSS 2 ni kíláàsì náà, ọmọ 68. Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ta wá lọ́rẹ. Ọ̀kan ò tan rárá; márùn-ún yòókù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ́jọ́ lórí. Èyí tí bátìrì rẹ̀ lágbára jù ò lè lo wákàtí kan gbáko láìsí iná. Ọ̀rọ̀ iná ládùúgbò wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì pírínsípà la máa ń gbójú lé, ìyẹn bí epo bá wà nínú rẹ̀.

Kò sí olùkọ́ Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ nígbà náà. Kọ́pà ló ń kọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní pólì. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì náà, ó bi àwọn ọmọ pé kí ni kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè: ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ń gba dátà wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń gbé èsì jáde. Ó wá bi wọ́n pé ta ló lè bá òun tan ọ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Láti JSS 1 ni wọ́n ti ya máòsì sínú nóòtù, tí wọ́n fi búlúù àti pupa kùn ún, tí olùkọ́ sì fi báírò pupa fún wọn ní máàkì. Àwọn tó ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wá mọ tábúlẹ́ẹ̀tì dáadáa, torí láti bí 2020 tí ètò EKOEXCEL ti wọlé sí ìpínlẹ̀ Èkó ni olùkọ́ wọn ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbé. Ojú ni àwọn ọmọ fi mọ̀ ọ́n.

Kọ́pà yìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ka ìtàn Sugata Mitra, ará Íńdíà tó lu ògiri ní Kalkaji ní New Delhi ní 1999, tó gbé kọ̀ǹpútà sínú ihò náà kọjú sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, tí àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fúnra wọn. Ìtàn náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ká ṣáà kó àwọn ọmọ yí ẹ̀rọ ká, wọn á kọ́ ara wọn. Bó ṣe pín 68 sí márùn-ún nìyẹn: ọmọ mẹ́tàlá síbí, mẹ́rìnlá sọ́hùn-ún, láptọ́ọ̀pù kan láàárín wọn.

Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé VP wa, igbákejì pírínsípà, ní kí àgbà kan máa lọ bá Kọ́pà jókòó. Èmi ni wọ́n yàn, torí pé àkókò tèmi ló tẹ̀ lé tirẹ̀ lórí tímútébù.

N kì í fẹ́ jókòó lásán. Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ tó yí láptọ́ọ̀pù tó sún mọ́ mi ká sínú ìwé, mo sì ń fa igi kan síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan máòsì tàbí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí agogo lu lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ mẹ́rin nínú mẹ́rìnlá ló ní igi. Mẹ́wàá ò ní nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá gáréèjì ló di máòsì mú fún bí ìdajì àkókò náà, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i, torí òun ló mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré ló kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn méje yòókù, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, dúró sí ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú nóòtù rẹ̀, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá ń jáde lẹ́nu àwọn tó wà níwájú. Mo gba nóòtù náà wò. Ó kọ “kílíìkì.” Ó kọ “kílíìkì ẹ̀ẹ̀mejì.” Ó tún kọ “kí ló dé tó o pa á, ṣé orí ẹ pé?” pẹ̀lú nọ́ḿbà ìgbésẹ̀ kẹta níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò àárín sáà dé, Kọ́pà ṣe é lọ́nà méjì. Ti orí ìwé, púpọ̀ nínú wọn yege, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti ọwọ́, ohun márùn-ún ló ní kí wọ́n ṣe: kí ọmọ tan ẹ̀rọ, kó ṣí ibi ìkọ̀wé, kó tẹ orúkọ ara rẹ̀, kó tọ́jú fáìlì náà, kó sì tún un ṣí. Ọmọ 15 ló ṣe é dé ìparí. Àwọn mìíràn ò mọ̀ pé a lè tẹ lẹ́tà ńlá. Àwọn kan ń fi ìka kan ṣoṣo wá A kiri orí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń bínú pé lẹ́tà náà ò tò bí ABD. Ọmọbìnrin ẹlẹ́ja yẹn gbé ọwọ́ sókè sójú kíbọ́ọ̀dù, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè, ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?”

Ti orí ìwé ni wọ́n fi ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì. VP wò ó, inú rẹ̀ dùn. “Kọ́pà, o gbìyànjú.”

Yàrá olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wá di àríyànjiyàn. Kọ́pà ní a nílò ẹ̀rọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ò mọ̀ pé a nílò rẹ̀? Ẹlòmíràn ní kí àwọn ọmọ mú fóònù wá látilé. Ilé-ẹ̀kọ́ ò sì gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Olùkọ́ Home Economics, ìyá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gbé ojú sókè nínú ìwé tó ń máàkì. Ó ní: “Ẹ̀yin ará Kọ̀ǹpútà, ẹ̀ ń ṣàwàdà. Ṣé ọ̀gá télọ̀ á máa gé aṣọ lójoojúmọ́, kọ́mọ iṣẹ́ máa wò ó títí tí yóò fi gba fíríìdọ̀mù? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ gbé sísọ́ọ̀sì fún. Ọ̀gá á máa fẹnu sọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kọ́pà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, gàdàgbà: Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹnu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́.

Ká tó lè ṣe é, ohun kan ní láti kọ́kọ́ yí padà. Ọmọ mẹ́rìnlá ò lè jókòó ti láptọ́ọ̀pù kan, ohun yòówù kéèyàn kọ sójú bọ́ọ̀dù. Nítorí pé àkókò tèmi tẹ̀ lé ti Kọ́pà, a bẹ VP, ó sì gbà, kí á pín kíláàsì sí méjì: 34 lọ́dọ̀ Kọ́pà, 34 lọ́dọ̀ mi fún Yorùbá, kí wọ́n sì pààrọ̀ bí agogo bá lu. Ọmọ méje ló wá kan láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, tàbí mẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹnìkan máa fi jẹ́ ọwọ́, ẹnìkan tó ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe á jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí ẹnu, àwọn yòókù á máa wò, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí agogo kékeré bá dún, wọ́n á sún. Ọmọ méje ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ìṣẹ́jú 35 nìyẹn. Márùn-ún tó ṣẹ́ kù la fi ń tan ẹ̀rọ, tá a fi ń pa á. Mo sọ ìṣirò yìí torí pé àwọn olùkọ́ tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ máa ń rò pé ẹ̀rọ tó pọ̀ ni àṣírí ọ̀hún. Ẹ̀rọ ò pọ̀ sí i. Tímútébù ló yí padà.

Ẹnu ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní láti ká ọwọ́ gbera. Bó bá kàn án, àyè tirẹ̀ láti jẹ́ ọwọ́ lọ́jọ́ náà ti lọ.

Ìyà ńlá ni òfin yìí fi jẹ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yẹn pàdánù àyè tirẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ó jókòó ti ọmọ kan tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì, ó ń pariwo, “Tẹ ibẹ̀ yẹn! Ibẹ̀ yẹn kọ́ o, ibẹ̀ yẹn!” Ọmọ tó di máòsì mú ń wá ibẹ̀ yẹn títí, kò rí i. Ara ọ̀gá ò gbà á mọ́, ló bá na ọwọ́. Kọ́pà ní kó dìde. Ó bi í pé, “Kí lorúkọ ibi tó o ní kó tẹ̀?” Ọmọ náà ronú. Ó ní, “Sà, mi ò morúkọ ẹ̀. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.”

Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, fún òun náà. A ti rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ohun tó mọ̀ ni ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ibi tó ń tẹ̀ lọ sí igun mìíràn, kò ní í mọ ohun tí yóò wá. Kó tó di òpin oṣù yẹn, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ti yàtọ̀: “Lọ sókè pátápátá lápá òsì, wo ibi tí wọ́n kọ File sí. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi rí Save As.” Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn òfin ọ̀hún o. Ó ṣì ń fojú burúkú wo agogo yẹn títí di òní.

Ohun tí VP kọ́kọ́ tako ni pé Yorùbá làwọn ọmọ fi ń ṣàlàyé fún ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ò dá sí i, kí wọ́n má bàa ní mò ń gbèjà ọjà mi. Kọ́pà ló fèsì pé àwọn orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ wà ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe wà, àwọn ọmọ sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àlàyé tó yí wọn ká ni wọ́n ń fi èdè ẹnu wọn ṣe. VP ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tí ariwo ò bá dé ọ́fíìsì òun.

Ìkejì le ju ìyẹn lọ. A ti ń rẹ̀yìn lórí ìwé ètò ẹ̀kọ́ sáà náà. Orí tí wọ́n ti máa ń dárúkọ ìran-dé-ìran kọ̀ǹpútà, láti orí ábákọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣírò láyé àtijọ́ wá, a ò tíì fọwọ́ kàn án. VP béèrè ìdí tí a fi ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà. Kọ́pà mẹ́nu ba UTME. Láti 2015 ni ìdánwò JAMB yẹn ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá: ìbéèrè 180, wákàtí méjì. JAMB fúnra wọn mọ̀ pé máòsì á dààmú àwọn kan, ni wọ́n ṣe ṣe é kí èèyàn lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo rẹ̀. A, B, C àti D wà fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí èèyàn bá yí ọkàn padà. WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà dán àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ wò láti 2024. VP ní àwọn ọmọ JSS 2 ṣì jìnnà sí JAMB. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025 ti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dígítà sí girama kékeré, ó sì fi ti ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí praimari kẹrin sí kẹfà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ fi yíyàwòrán máòsì gba ìyẹn kọjá. Ohun tí a jọ fi ẹnu kò sí ni pé wọ́n á ka orí ábákọ́ọ̀sì náà nílé, Kọ́pà á sì fi ìbéèrè díẹ̀ kún ìdánwò láti ibẹ̀. Lẹ́tà mẹ́jọ yẹn sì làwọn ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa wá wọn pẹ̀lú ìka. Wọ́n sọ ọ́ di eré.

Lẹ́yìn èyí ni Kọ́pà fún wọn ní iṣẹ́ gidi. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ nípa ọjà tó ń tà: èló ló ń rà á, kí ló ń náwó lé e kó tó dé orí àtẹ, èló ló ń tà á. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì, èyí tó ní àpótí kéékèèké lórí ìlà, kí ẹ̀rọ bá wọn ròpọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, ìyẹn túmọ̀ sí ẹja. Ẹ̀pìyà, àrọ̀, edé, akàn, ẹja yíyan, yìnyín, igi ìdáná, owó ọkọ̀. Ọ̀kan mú ti ìgbín wá. Ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀kadà mú ti epo àti ọ́ìlì.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin ẹlẹ́ja yẹn jẹ́ ọwọ́, ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ló bọ́ sí lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnu. Mo wà níbẹ̀. Ó tẹ ẹja 18000, yìnyín 1500, ọkọ̀ 1200, ọ̀rá 300, owó ìjókòó 200. Ìka kan ló fi ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù mọ́. Ọmọkùnrin náà ní kó tẹ àmì “jẹ́ bákan náà” ní àpótí ìsàlẹ̀, kó kọ SUM, kó ṣí àkámọ́, kó fa máòsì láti orí tàkọ́kọ́ dé tìkẹyìn, kó pa á dé, kó tẹ Enter. Ó ṣe é. Ẹ̀rọ gbé 19700 jáde.

Ọmọbìnrin náà ní irọ́ ni.

Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìṣirò. Ọmọbìnrin náà ní 21,200 ni ìyá òun pè é láàárọ̀, ìyá òun ò sì ka owó ẹja tì rí. Àwọn tó ń wò, tí wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sí i. Kọ́pà dé, kò bá wọn yanjú rẹ̀. Ó kàn bi wọ́n pé èló ló dín. Wọ́n yọ ọ́: 1,500. “Kí ló jẹ́ 1,500 nínú ohun tẹ́ ẹ tẹ̀?” Yìnyín. Gbogbo wọn tẹ ojú mọ́ àpótí yìnyín. 15 àti òdo méjì ni wọ́n rí níbẹ̀, kò sí àbùkù kankan.

Ọmọbìnrin náà ló rí i. Ó ní, “Ẹ wò ó, gbogbo nọ́ḿbà tó kù fara ti ògiri apá ọ̀tún. Eléyìí nìkan ló fara ti òsì.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́tà O ló tẹ̀ níbi òdo méjèèjì, torí pé wọ́n jọra lójú rẹ̀, O sì rọrùn láti rí lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ wo ohun tó tẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ni èyí, kì í ṣe nọ́ḿbà. Ó tì í sí apá òsì níbi tó ń kó ọ̀rọ̀ sí, ó sì fò ó dá nígbà tó ń ròpọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé èsì jáde. Ọmọbìnrin náà pa lẹ́tà O rẹ́, ó tẹ òdo, nọ́ḿbà náà sì fò lọ sí apá ọ̀tún. 21200 jáde. Ó yíjú sí ẹni tó ń ṣe ẹnu fún un, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò ó.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí í ṣe àròpọ̀ ní kíláàsì yẹn kó tó wo ògiri. Ẹgbẹ́ mìíràn tẹ N síwájú gbogbo owó wọn, N18000, N1500 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àròpọ̀ sì jáde ní òdo. Kí Kọ́pà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹnìkan ti ké láti ìsọ̀ kejì pé, “Gbogbo ẹ̀ ló wà lósì!” Mo ti rí àwọn àgbà tó ń fi sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì tí wọn ò mọ èyí.

Ibi tí èmi alára ti fẹnu sí i ni orúkọ ẹja. Nígbà tí wọ́n kó ti gbogbo kíláàsì pọ̀ sójú kan, tí Kọ́pà ní kí ẹ̀rọ ka iye ìgbà tí ẹ̀pìyà jáde, mẹ́rin ló kà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ẹnìkan kọ epiya, ẹnìkan kọ ẹpiya, ẹnìkan kọ ẹ̀pìyà, ẹnìkan fi Y méjì sí i. Ẹja ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ. Kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù wa ò sì ní ẹ tàbí ọ. Fóònù mi ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí Google ṣe, mo fi tẹ orúkọ gbogbo ọjà náà pẹ̀lú àmì ohùn wọn, Kọ́pà gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, àwọn ọmọ sì kọ́ bí a ṣe ń da nǹkan kọ láti ibì kan, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ ọ. Àmì ohùn tí mo ti ń bá wọn jà lé lórí láti JSS 1, lọ́jọ́ yẹn wọ́n béèrè rẹ̀ fúnra wọn, torí bí wọn ò bá fi í sí i, ìṣirò ò ní í pé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ò bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a bi ChatGPT pé èló ni wọ́n ń ta ẹ̀pìyà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì kó gbogbo iye owó náà wá, ó mọ́ tónítóní. Kọ́pà ní kó ka iye náà sókè fún àwọn tí ìyá wọn ń ta ẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní, “Sà, ẹ sọ fún un kó wá rajà lọ́dọ̀ wa.” Ọmọ náà padà sílé lọ bi ìyá rẹ̀.

Wàhálà tó le jù dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí. Inú Kọ́pà dùn sí iṣẹ́ àwọn ọmọ, ó lọ tẹ̀ wọ́n síta lórí bébà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì pẹ̀lú orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, Alhaja kan wọ ọgbà wá, kò kí ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò rẹ̀ ní ọjà ti lọ rí bébà náà nígbà tó wá san owó ọmọ tirẹ̀, ó sì ti padà dé ọjà lọ sọ iye tí Alhaja ń jẹ lórí agbọ̀n ẹja yíyan kan. “Ta ló ní kẹ́ ẹ ka owó mi síta? Ṣé ọmọ mi lẹ rán sí mi, àbí amí?” VP bẹ̀ ẹ́, pírínsípà bẹ̀ ẹ́, Kọ́pà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi náà kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa, torí ẹjọ́ rẹ̀ tọ́.

A já gbogbo bébà náà. Dípò kí Kọ́pà kàn yí iṣẹ́ padà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì bó ṣe rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣàlàyé pé Nàìjíríà ní òfin ààbò dátà láti 2023, àti pé ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí òfin náà dá lé. Ó ní kí wọ́n wo ohun tó wà lórí bébà wọn: orúkọ, ọjà, owó, èrè. Èwo ni ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè fi ṣe nǹkan? Wọ́n pinnu láàárín ara wọn pé kí àmì rọ́pò orúkọ, kí èrè má jáde rárá, kí iye owó ọjà nìkan wà, torí ìyẹn ò pamọ́ fún ẹni tó bá dé ọjà. Wọ́n tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ fi bébà han ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá mélòó kan ní rárá. A ò lẹ tiwọn. Ìyá kan sì wà tó jẹ́ pé nígbà tó rí owó igi ìdáná lórí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé bó ṣe ń jẹ mí lówó tó nìyí?” Ọmọ náà sọ fún wa pé ìyá òun ti ń dúnàá-dúrà igi báyìí.

Nígbà tí sáà parí, Kọ́pà tún ìdánwò ọwọ́ yẹn ṣe, ohun márùn-ún kan náà, ó fi ìkẹfà kún un: kí ọmọ ro iye owó mẹ́rin pọ̀. Ọmọ 47 ló ṣe é dé ìparí nínú 68. Kì í ṣe gbogbo wọn, mi ò sì ní í pè é ní gbogbo wọn. Àwọn tí kò ṣe é, púpọ̀ nínú wọn ni kì í wá déédéé, àwọn tó máa ń ti ojúmọ́ lọ sí etí odò tàbí tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n tajà. Kò sí agogo tó lè fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ láyè. Máàkì orí ìwé lọ sílẹ̀ díẹ̀ lórí àwọn ìbéèrè ábákọ́ọ̀sì, VP sì fa ìlà pupa sí i. Bátìrì kan tún kú. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin la ní báyìí láti lò bí kò bá sí iná.

Kọ́pà ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó ti lọ. Kọ́pà tuntun tí wọ́n fún wa ka Geography, ó sì sọ fún mi pé fóònù nìkan lòun mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Mo ní kò burú, ọ̀pọ̀ ọmọ JSS 3 ló lè jẹ́ ẹnu fún un, ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yẹn ló kọ́kọ́ fa ọwọ́ sókè. Ìwé tí mo ń fa igi sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ka igi ọmọ kọ̀ọ̀kan fún sáà tó kọjá. Orúkọ mọ́kànlá ni igi wọn ò tó márùn-ún, mo sì ti kọ wọ́n sí bébà kan fún Kọ́pà tuntun. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ jókòó níwájú ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé.